Orogún Orí Dáṣíbọ́ọ̀dù

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì

Àpótí náà dé lónìí. Láti àárọ̀ ni ọkọ mi ti ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀. Nígbà tó tú u, mo rò pé tẹlifíṣàn ni. Ó ní rárá, afọ̀nàhàn ni, ẹ̀rọ tó ń fi máàpù hàn tó sì ń sọ ibi téèyàn máa yà sí. Ó ní irú èyí ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá ń lò, pé òun ò ní máa fi fóònù kékeré wá ọ̀nà mọ́. Ó gbé e lé orí tábìlì ìjẹun, ó ń yí i ká, ó ń fi ẹ̀wù nu ojú rẹ̀.

Mo ní, "Èló ni?"

Ó ní, "Ìwọ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó."

Bí ọkùnrin bá ti ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ owó ni. Owó fìríìjì tuntun ló fi rà á. Fìríìjì inú Ìgbín kì í mú omi tutù mọ́ láti ọdún tó kọjá, a sì ti jọ fẹnu kò pé òun la máa kọ́kọ́ pààrọ̀.

Èmi ni mo sọ ọkọ̀ náà ní Ìgbín, torí ó ru ilé rẹ̀ sẹ́yìn: ibùsùn, ìdáná, tábìlì, ilé ìtọ̀, gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ayálégbé máa gba kọ́kọ́rọ́ ilé wa, àwa méjèèjì á sì wọ inú Ìgbín fún odidi ọdún kan. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ń bẹ̀ mí, òwe ló fi bẹ̀ mí. Ó ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Mo gbà. N kò bi í léèrè èwo nínú wa ni ìkarahun.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejì

Ooru. Láti àná ló ti ń ka ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ omi ló ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wọn páìpù, kò sí ohun tí ò lè wọ̀n. Ó fi tépù wọn dáṣíbọ́ọ̀dù lóòró, ó wọ̀n ọ́n níbùú, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un wọ̀n. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a nínú ọkọ̀. Ó ní kí n má jókòó, pé òun ti to sikúrù sórí ìjókòó mi.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejì

Ife rọ́bà ló kọ́kọ́ lò, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú tó sì máa ń fà mọ́ ọn. Ó ní erin ò lè já a. A gbé Ìgbín jáde láti dán an wò.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà. Ohùn obìnrin ni, ó tutù bíi ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Mo ti la ẹnu láti sọ pé kó yà síbi ilé aláwọ̀ búlúù, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: ẹ yà sí ọ̀tún. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́? Kì í pariwo."

Èmi ni mo wá di aláriwo. Láti ìgbà tí a ti ń wọ mọ́tò pọ̀, láti ìgbà mọ́tò ògbólógbòó tí a máa ń tì ká tó gbéra, èmi ni mò ń wo ọ̀nà fún un. Òun ń wakọ̀, èmi ń ṣọ́nà. Bí a bá sì dúró níbikíbi, kì í gbéra àfi tí mo bá wọlé, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo wá sọ pé, "Ó yá." Bí n kò bá sọ ọ́, á gbé ọwọ́ lé sítíárí, á máa wò mí. Ojú mi kejì ló ń pè mí nígbà náà.

Kí a tó padà délé, oòrùn ti mú gíláàsì gbóná. Ife rọ́bà tú, ẹ̀rọ náà já lu itan mi gbì. Ó tẹ bíréèkì, ó na ọwọ́, ó gbé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn bóyá ó ti là. Ìgbà tó rí i pé kò là ló tó bi mí bóyá ó dùn mí.

Àìkú, 8 Oṣù Kejì

Itan mi wú. Mo fi omi gbígbóná jó o. Ọkọ mi sì fi aṣọ rírọ̀ wé ẹ̀rọ náà kó má baà họ.

Rú, 11 Oṣù Kejì

Ọmọ wa obìnrin pè láti ibi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti fi àwòrán ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti fẹ́ ìyàwó lé yín o. Orogún yín tún mọ ọ̀nà jù yín lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ tó ń gbọ́ wa rẹ́rìn-ín jù wá lọ, ó sì ti di orúkọ. Ìyàwó báyìí, Ìyàwó bọ́hùn-ún. "Ẹ jẹ́ n tan Ìyàwó ná." "Ìyàwó ní ọ̀nà òkè ló yá jù."

Àwàdà ni, mo mọ̀ pé àwàdà ni. Ó ń dùn mí, n kò sì lè sọ ọ́ síta, wọ́n á ní mò ń jowú irin.

Ẹtì, 13 Oṣù Kejì

Ó ti ra gọ́ọ̀mù. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń lẹ ọkọ̀ òfurufú ni. Ó lẹ ìdí ẹ̀rọ náà mọ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní kí n wá nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọ̀la. Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ oníbàárà ló gbé lé e.

Ajé, 16 Oṣù Kejì

Gọ́ọ̀mù ọkọ̀ òfurufú kò lè bá oòrùn ilẹ̀ jà. Ó tú lọ́sàn-án, ó sì bó awọ dáṣíbọ́ọ̀dù dání. Níwájú ìjókòó mi gan-an, àpá kan ti wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ mi kò jẹun alẹ́. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń fi ìka fọwọ́ kan àpá náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Mo gbé tíì lọ bá a. Ó ní, "Ibẹ̀ ò tẹ́jú ni, kò tẹ́jú rárá." Bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ fún ìpamọ́, torí ayálégbé kò fẹ́ ẹrù wa nínú ilé. A jọ gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Ó ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ òun bí ọ̀nà bá sú mi. Mo ní, "Ọ̀nà kì í sú mi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀." Ó wojú mi, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kejì

Rẹwáyà wá lónìí láti fa wáyà ẹ̀rọ náà láti ibi bátìrì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín ò jìnnà sẹ́nu rẹ̀. Ó so ó tán, ó ní kí ọkọ mi tan án. Bó ṣe tan án, fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì dákẹ́. Gbogbo àdúgbò yọjú. Rẹwáyà sá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń ké pé, "Bàbá, ẹ pa á, ẹ pa á!" Ọkọ mi ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó rí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Lẹ́yìn tí rẹwáyà lọ ni fíúsì jó, inú Ìgbín ṣókùnkùn. Ọkọ mi sùn kalẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní kí n bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò sọ ibi tí mo máa tàn án sí. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ ni iná ń lọ. Ó ní láti ìsàlẹ̀, "Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí mò ń wò." A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fèrè yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá orí mọ́ irin. Ó pẹ́ tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ní nínú ara mi pé bóyá èmi ni mò ń sọ kékeré di ńlá.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Orí Ìgbín ń jò níbi ibùsùn. Mo fi abọ́ gbè é. Ọkọ mi ní òun máa dí i. Ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń lu ihò ló ń kà.

Rú, 4 Oṣù Kẹta

Mo bẹ̀ ẹ́. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ti yá dírìlì, ó ti ra apá irin kan tó ń ká bí ìgúnpá, ó ní orí ìyẹn ni ẹ̀rọ máa dúró lé, kò ní gbọ̀n mọ́ láé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu dáṣíbọ́ọ̀dù yìí. Gọ́ọ̀mù ṣeé họ kúrò. Tí ẹ bá lu ihò, ihò náà nìyẹn. Tí ẹ bá máa lu ú dandan, ẹ lu ú sí ẹ̀gbẹ́ tiyín."

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ tèmi ti kún. Sítíárí wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, bọ́tìnnì kún ibẹ̀. Iwájú ẹ ló ṣófo."

Iwájú mi ló ṣófo. Mo wọ ìdáná, mo ń tún gbólóhùn yẹn sọ lábẹ́lẹ̀ títí ìkòkò fi jóná.

Mo ń gbọ́ dírìlì láti ibẹ̀. Ìgbà kan ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń hu, ọkọ mi sì pa á. Ó ti lu páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ tútù wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ dáadáa. Ó ní òun máa tún un ṣe tí a bá ti dé ibi kan.

Apá irin náà tún ti dúró lé orí dúrọ́ọ̀ iwájú mi, kò ṣeé ṣí mọ́. Inú dúrọ́ọ̀ yẹn ni mò ń kó awò ojú sí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ìwé máàpù, súìtì tí mo máa ń fún un tí oorun bá fẹ́ gbé e. Ó ti kó wọn sínú ọ̀rá kan kó tó lu ihò. Ó gbé ọ̀rá náà fún mi lẹ́nu ọ̀nà ìdáná bí ẹni tó ń lé ayálégbé jáde. Ó ní, "Wá ibi tó dáa kó o tọ́jú wọn sí." Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́ mi.

Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta

N kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Kò tíì mọ̀.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Ẹ̀rọ náà ti dúró. Kò gbọ̀n, kò já, fèrè kò ké. Rẹwáyà bá wa jáde láti gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi wọlé, ó jókòó, inú rẹ̀ ń dùn. Ojú ẹ̀rọ fẹ̀, ó mọ́lẹ̀, ọ̀nà hàn lórí rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun. Ó ní, "Màmá, wọlé ká lọ."

Mo wọlé. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Orúnkún mi gbá apá irin, ẹ̀rọ sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi.

Ó ní, "Rọra."

Mo sún ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo na ọwọ́ láti mú bẹ́líìtì, ìgúnpá irin náà kàn mí láyà. Ẹ̀rọ náà tún yí. Ó ní, "Ṣé o ò lè jókòó kí ara ẹ balẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ara tèmi balẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀ ń wọn ibí, níbo ni mo wà?"

Ó ní, "O ò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀."

Ó dá ojú ẹ̀rọ náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò sí télọ̀ tí í wọn aṣọ lára àga. Obìnrin ni mo wọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù mi, onísanra, tẹ́ẹ́rẹ́, aboyún, bí oníbàárà ò bá sì wá fúnra rẹ̀, n kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Ọkọ mi wọn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wọn irin, ó wọn wáyà, kò wọn èmi.

Rẹwáyà tó wà ní ìdúró láàárín wa wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ ò rí dígí ẹ̀gbẹ́ Màmá mọ́. Ẹ̀rọ yìí ti bò ó."

Ọkọ mi ní, "Kámẹ́rà wà lẹ́yìn."

"Ìyẹn, ìgbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, sà."

"Kí ni mo tún fẹ́ máa wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn?"

Rẹwáyà wò mí, ó gbójú sílẹ̀. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní, "Màmá, o ò ṣe lọ jókòó lẹ́yìn? Tábìlì wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀, o lè na ẹsẹ̀. Ọ̀gá lo máa jẹ́ níbẹ̀." Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn. Rẹwáyà kò jókòó sí ìjókòó mi, ìdúró ló wà títí a fi dé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ara mi.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹta

Oòrùn kì í jẹ́ kó rí ojú ẹ̀rọ lọ́sàn-án, ó ń dán bíi dígí. Ó ní kí n bá òun rán nǹkan tó máa ṣíji bò ó. Mo wọn orogún mi, mo gé aṣọ dúdú, mo fi etí sí i, mo fi okùn rọ́bà sí ìdí rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku, ẹni yòówù kó wọ̀ ọ́.

Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

A lọ ibi tó jìnnà díẹ̀ láti fi kọ́ra. Ìjókòó ẹ̀yìn kọjú sẹ́yìn. Ibi tí a ti kúrò ni mò ń rí, n kò rí ibi tí a ń lọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, fóònù ló fi ń pè mí láti iwájú. "Màmá, ṣé o jí? Bá mi mú búrẹ́dì wá." Mo gbé e lọ, mo di ògiri mú, mo padà. Lẹ́ẹ̀kan sí i: "Màmá, omi." Ó mu ún, ó ní ó gbóná. Mo ní fìríìjì yẹn nìyẹn. Ó ní a máa rí tútù rà lọ́nà.

A dúró lẹ́ẹ̀kan kó lè wo táyà. Nígbà tó wọlé, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ké láti ẹ̀yìn pé, "Ó yá." Ọkọ̀ ti ń lọ kí n tó sọ ọ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Ọmọ wa ní kí n sọ fún bàbá òun ní gbangba dípò kí n máa di kùnrùngbùn. Mo sọ ọ́ lórí oúnjẹ àárọ̀.

Mo ní, "Mo fẹ́ jókòó níwájú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé ilé mi fún àlejò. Ẹ̀yin ni mo tẹ̀ lé, mi ò tẹ̀ lé ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni màá wà, ẹrù ni mí."

Ó gbọ́ mi délẹ̀. Ó gbé síbí sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mo gbọ́. Òótọ́ lo sọ. Màá sún un sọ́dọ̀ mi." Inú mi yọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún sórí búrẹ́dì.

Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní, "Àfi pé ihò mìíràn máa ba dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn jẹ́."

Ìṣẹ́gun, 31 Oṣù Kẹta

Kò sún un. Mo ti so kọ́tìnnì tuntun mọ́ gbogbo fèrèsé Ìgbín, aláwọ̀ ọsàn, ó dára. Ayálégbé wá wo ilé kẹ́yìn. Ó bi mí bóyá ara mi ti wà lọ́nà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi wà níta, ó ń kọ́ ẹ̀rọ náà ní gbogbo ibi tí a máa lọ fún ọdún kan.

Rú, 1 Oṣù Kẹrin

Orí bẹ́ńṣì ilé epo ni mo ti ń kọ èyí.

A gbéra láàárọ̀. Mo fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́, ó dúró lẹ́nu géètì ilé mi, ó ń juwọ́ sí wa. Èmi nìkan ló rí i, torí èmi ni mo kọjú sẹ́yìn. Mo wò ó títí a fi yà.

Ojú ọjọ́ gbóná gan-an. Nígbà tó ṣe, fóònù dún: "Màmá, omi." Mo gbé e lọ. Ó fi kan ẹnu, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Omi ìwẹ̀ rèé." Mo padà síbi tábìlì, mo ń wo ọ̀nà tó ń sá lọ.

A dúró níbí láti ra epo. Mo lọ bá a níwájú, báàgì wà lápá mi. Ó tẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó ń fi ìka sún máàpù. Mo ní, "Mò ń lọ ra omi tútù."

Ó ní, "Hẹn."

Mo ní, "Ẹ gbọ́?"

Ó ní, "Hẹn, omi tútù."

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo sì ti ilẹ̀kùn, torí n kò fẹ́ kí eruku wọ orí ibùsùn. Èrò wà nínú ṣọ́ọ̀bù ilé epo, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Mo ra ìgò méjì, tirẹ̀ àti tèmi, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú fìríìjì wọn, tó ti fẹ́ di yìnyín.

Bí mo ṣe jáde, obìnrin tó ń ta epo ti dé ìdérí táńkì. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi ni Ìgbín kọ sí mi. Mo rí dígí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń dán. Mo gbé ìgò kan sókè sí i, bí mo ti máa ń ṣe látijọ́, kó lè mọ̀ pé mo ti rí ohun tí mò ń wá. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, mo gbọ́ Ìyàwó. Ó ní, ẹ máa lọ tààrà.

Ó sì lọ.

Mo ní, "Ẹ dúró." N kò pariwo. Wọ́n ti ní mo máa ń pariwo. Ìgbín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní fèrèsé ẹ̀yìn, ó fi àmì hàn pé òun fẹ́ wọ títì, ó wọ títì, ó dúró de mọ́tò kan kó kọjá. Awakọ̀ jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi. N kò mọ ìdí tí ìyẹn fi dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ń ta epo sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ yín kọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Ilé mi ni."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n pe ẹni tó ní alùpùpù kó lé wọn bá. Wọn ò tíì jìnnà."

Mo ní kó fi sílẹ̀, pé wọ́n máa tó rí i pé n kò sí lẹ́yìn. Ó mú mi lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì níbi tí ìbòòji wà. Mo jókòó, mo kọjú sí ibi tó máa gbà padà. Mo mọ ọ̀nà náà. Ó máa kan afárá, lẹ́yìn afárá ibì kan wà tó fẹ̀ tó láti yí po. Mo ń bá a ka á lọ nínú ara mi. Ó ti dé afárá. Ó ti kọjá ibi tó fẹ̀. Ibòmíràn tún wà níwájú níbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ó ti kọjá ìyẹn náà.

Mo ṣí báàgì mi wò. Awò ojú wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀, ìwé yìí wà níbẹ̀, pọ́ọ̀sì mi wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn tí mo nílò, ó sì yà mí lẹ́nu. Bí dúrọ́ọ̀ mi bá ṣì ń ṣí ni, ìbá ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Fóònù dún. Ọkàn mi fò. Mo rò pé ó ti rí i. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ tí kò ní dun ún jù. Ẹ́ńjìnnì ń hó lẹ́yìn ohùn rẹ̀, Ìyàwó náà sì ń sọ tirẹ̀.

Ó ní, "Màmá, omi yẹn dà? Mú ọ̀kan wá síwájú."

Mo wo ìgò méjèèjì lórí itan mi. Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ó ní, "Ṣe wéré kó tó gbóná."

Mo pa fóònù náà pátápátá. Mo ṣí ìgò tirẹ̀, mo mu ún tán láìsinmi. Mo fún obìnrin tó ń ta epo ní tèmi, torí oòrùn ni òun dúró sí. Mo wá bi í bóyá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró níbí.

Ó ní, "Ó máa ń dúró dáadáa. Ẹ ṣáà nawọ́ sí i. Awakọ̀ yẹn máa ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà."